Apẹ́ńdíìsì Tí Wọn Kò Gé

Ìwọ tí dókítà ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún pé apẹ́ńdíìsì ló ń dà ọ́ láàmú, tí o jókòó síbẹ̀ tí o kò mọ̀ bóyá kí o gbà kí wọ́n là ọ́ tàbí kí o máa gba oògùn, ìwọ ni mò ń kọ èyí sí. Kì í ṣe láti mú inú rẹ dùn. Mo ti lé ní àádọ́rin ọdún, mo kọ́ àwọn ọmọ níwèé títí mo fi fẹ̀yìn tì, kò sì sí ẹni tí mo tún ń wá ojú rere rẹ̀ láyé. Ohun tí ojú mi rí ni mo fẹ́ sọ, àti àwọn tí wọ́n jẹ́ kí ojú mi rí i.

Ìlobí ni mò ń gbé, nínú ilé tí ọkọ mi kọ́ sí ẹ̀gbẹ́ agbo ilé bàbá rẹ̀. Ọkọ mi ti kú tipẹ́. Ayétòrò ni wọ́n ti bí èmi. Wàsíù, ọmọ kan ṣoṣo tí mo bí, ń ṣiṣẹ́ ní Àbújá. Ẹni tó sún mọ́ mi jù lọ ní Ìlobí ni àbúrò ọkọ mi obìnrin, tí ilé rẹ̀ àti tèmi jọ dojú kọ àgbàlá kan. Bí o kò bá mọ obìnrin yìí, o kò lè mọ ohun tó ṣe mí.

Nígbà tí wọ́n mú mi wọlé ní ìyàwó, ọmọdébìnrin tí ń ru garawa lọ sódò ni. Mo ti gba ìwé ẹ̀rí olùkọ́ nígbà náà, òun kò tíì mọ ìró ró. Síbẹ̀, nítorí pé wọ́n bí i sínú ilé náà kí n tó dé ibẹ̀, ọkọ ló jẹ́ fún mi. Ẹ̀yin ará agbègbè wa mọ bó ṣe rí. Ìyàwó kì í pe ọmọ ilé lórúkọ. Mo wo ẹnu rẹ̀, eyín rẹ̀ funfun nene, mo sọ ọ́ ní Eyínfúnjowó, orúkọ tí mo sì ń pè é láti ọjọ́ náà nìyẹn, pẹ̀lú ìkúnlẹ̀. Òun kò pè mí ní ohun mìíràn ju Ìyàwó wa lọ. Irun mi ti funfun, gbogbo ìlú ń pè mí ní Màmá Tíṣà, ṣùgbọ́n bí ó bá yọ láti ẹnu ọ̀nà rẹ̀, mo ní láti tẹ orúnkún mi ba fún un. Ohun tí ọkọ bá sì gbé fún ìyàwó, ọwọ́ méjèèjì ni ìyàwó fi ń gbà á.

Àìsàn náà bẹ̀rẹ̀ ní àsìkò tí àgbàdo tuntun kún ojú ọ̀nà. Mo jí lówùúrọ̀, oúnjẹ kò wù mí. Ìrora kan wà ní ìdodo mi, kì í ṣe èyí tó le, ó kàn dà bí ẹni pé ẹnìkan fi àtàǹpàkò tẹ ibẹ̀ tí kò sì fẹ́ gbé e kúrò. Mo rò pé àgbàdo tí mo jẹ lánàá ni. Mo mu omi gbígbóná, mo dùbúlẹ̀. Nígbà tó di ọ̀sán, mo bì. Lẹ́yìn náà ni ìrora yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Ó kúrò ní ìdodo, ó sọ̀kalẹ̀ lọ sí apá ọ̀tún, nísàlẹ̀ ikùn, lókè itan, ó sì fìdí kalẹ̀ síbẹ̀. Bí mo bá wúkọ́, bí ẹni pé nǹkan fẹ́ já. Bí mo bá na ẹsẹ̀ ọ̀tún, ó ń fà mí. Ara mi ń gbóná díẹ̀díẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni òtútù sì ń mú mi.

Rántí ibi tí mo sọ yìí. Ìrora tó bá ti ìdodo bẹ̀rẹ̀, tó wá lọ jókòó sí apá ọ̀tún nísàlẹ̀, tí oúnjẹ kò sì wọ ẹnu, má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fún un lórúkọ fún ọ nínú ilé. Gbé ara rẹ lọ sí ilé ìwòsàn nígbà tí o ṣì lè rìn.

Èmi kò lọ. Mo ń wá ẹni tí yóò gbé mi lọ sí Ìlaró nígbà tí Eyínfúnjowó wọlé.

"Ìyàwó wa, kí ló dé tí o ká jọ bí ọ̀kùn báyìí?"

"Inú ló ń run mí, ọkọ mi."

"Níbo?"

Mo fi ọwọ́ hàn án. Ó rẹ́rìn-ín.

"Jẹ̀dí-jẹ̀dí ni. Tíì àti ṣúgà tí ẹ̀yin tíṣà ń mu láàárọ̀ lálẹ́ ló lọ kóra jọ síbẹ̀. Má dìde. Mò ń bọ̀."

Ó padà dé pẹ̀lú abọ́ àgbo, ó dúdú, ó ń rùn, èéfín ṣì ń jáde lára rẹ̀.

"Gbé e mu tán. Yóò fọ ìdí ikùn rẹ, gbogbo ohun tó dì mọ́ ibẹ̀ ni yóò bá a jáde."

"Ẹ ṣeun, ọkọ mi. Ṣé ẹ ò ní jẹ́ kí n kọ́kọ́ dé ọsibítù ná?"

"Ọsibítù wo? Èyí tí o gbé ẹ̀gbọ́n mi lọ?"

Ó mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà yóò ti bà mí. Kí ìwọ náà má baà ṣì mí gbọ́, jẹ́ kí n sọ ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tí í ṣe ọkọ mi.

Ìpá ló wà lára ọkọ mi fún ọdún púpọ̀. Ó máa ń yọ, yóò sì fi ọwọ́ tì í padà sínú. Ní ọjọ́ kan ó yọ, kò padà mọ́. Ó ń bì, ó ń lọ́ra mọ́lẹ̀. Mo ní kí a gbé e lọ. Ìyá rẹ̀ àti Eyínfúnjowó ní kò sí ibi tó ń lọ, àgbo yóò tú u. Wọ́n fún un ní àgbo, wọ́n tún fún un. Mo ń sunkún, mo ń kúnlẹ̀ fún obìnrin tí mo dàgbà jù lọ. Nígbà tí wọ́n fi gbà kí n gbé e lọ, ikùn rẹ̀ ti le bíi pátákó. Dókítà ní kí n fọwọ́ sí ìwé kí wọ́n là á, mo fọwọ́ sí i. Wọ́n là á, wọ́n bá ìfun rẹ̀ tó ti jẹrà nínú. Kò jí.

Láti ọjọ́ náà ni Eyínfúnjowó ti ń sọ ọ́ pé èmi ni mo fọwọ́ sí i kí wọ́n pa ẹ̀gbọ́n òun. Ó sọ ọ́ níbi òkú. Ó sọ ọ́ níbi àdúrà ọjọ́ kẹjọ. Ó sọ ọ́ sí Wàsíù létí nígbà tí Wàsíù ṣì ń wọ ṣòkòtò péńpé lọ sílé ìwé, ó sì sọ ọ́ títí ọmọ náà fi dàgbà sínú ọ̀rọ̀ náà. Kò sí ọjọ́ kan tí ó dárúkọ abọ́ àgbo.

Irú abọ́ bẹ́ẹ̀ ló gbé dúró níwájú mi. Mo mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Mo mọ ohun tó ṣe. Bí mo bá kọ̀ ọ́, ọ̀rọ̀ náà kò ní jẹ́ ọ̀rọ̀ inú rírun mọ́, wọn yóò ní mo ka ilé wọn sí ẹlẹ́gbin, wọn yóò pe Wàsíù, n ó máa ṣe àlàyé fún gbogbo ènìyàn nígbà tí n kò lè dìde jókòó. Mo na ọwọ́ méjèèjì. Mo mu ún tán. Ó dúró tì mí títí mo fi dojú abọ́ dé.

N kò ní sọ bí ọjọ́ náà ṣe parí. Mo ń lọ sí ilé ìyàgbẹ́, mo ń bọ̀, mo ń di ara ògiri mú. Omi tán lára mi, ìrora kò tán. Ṣe ni ó gbòòrò sí i. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ọmọ aládùúgbò mi kan tó ń fi ọkọ̀ rẹ̀ ná Ìlaró ní òun yóò gbé mi. Eyínfúnjowó ti wọ bàtà.

"Ìyàwó wa kò lè dá lọ," ni ó wí, ó sì wọ iwájú ọkọ̀.

Mi ò ní gbàgbé ọ̀nà Ìlobí sí Ìlaró láéláé. Gbogbo kòtò tí táyà bá bọ́ sí ni ó ń bọ́ sínú ikùn mi. Mo fi ọwọ́ méjèèjì di ikùn mú bí ẹni tó gbé ẹyin. Níwájú, Eyínfúnjowó ń sọ iye tí wọ́n ń ta ìrẹsì ní Tube, lẹ́nu ààlà, fún awakọ̀.

Ní ilé ìwòsàn, a gba káàdì, a jókòó lórí bẹ́ǹṣì. O mọ bẹ́ǹṣì yẹn. Ẹni tó wà ní ìpẹ̀kun rẹ̀ ló ń wọlé sọ́dọ̀ dókítà, bí ó bá ti wọlé, gbogbo wa á sún ìdí síwájú. Ó dára fún ẹni tí ibà ń ṣe. Èmi, bí wọ́n bá ti ní kí n sún, omi ń bọ́ lójú mi. Obìnrin kan tó gbé ọmọ wá láti Ìwòyè-Kétu rí mi, ó ní kí n kúkú kọjá síwájú òun.

"Ẹ má da ara yín láàmú," ni Eyínfúnjowó sọ fún un. "Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ni. Tíṣà ni. Ṣúgà ló pọ̀ jù nínú rẹ̀."

Àwọn ará bẹ́ǹṣì rẹ́rìn-ín. Wọn kò ní ibi lọ́kàn, ó ti pẹ́ tí wọ́n ti jókòó, wọ́n ń wá ohun tí wọn yóò fi rẹ́rìn-ín ni. Obìnrin Ìwòyè yẹn nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó gbé ọmọ rẹ̀ sí èjìká kejì, ó sì fà mí kọjá.

Dókítà náà kéré, obìnrin ni, ó lè jẹ́ ọmọ ọmọ mi. Ó ní kí n dùbúlẹ̀, ó tẹ ikùn mi díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó dé apá ọ̀tún, ó tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́, ó wá gbé ọwọ́ kúrò lẹ́ẹ̀kan náà. Ìgbà tó gbé ọwọ́ kúrò ni mo ké.

"Màmá, kí lẹ jẹ tàbí kí lẹ mu láti àná?"

"Àgbo."

"Àgbo kí ni?"

"Èyí tó ń fọ inú."

Ó wo ojú mi, ó wo Eyínfúnjowó. "Ta ló fún wọn?"

"Omi ewé lásán ni, dókítà," ni Eyínfúnjowó wí. "Òun ló jẹ́ kí ó ṣì lè jókòó lónìí."

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́," ni dókítà dá a lóhùn, "ẹni tí inú bá ń run báyìí, a kì í fún un ní ohun tó ń fọ inú. Apẹ́ńdíìsì ni mo rò pé ó jẹ́. Ó ti wú. Ẹ tún wá fún wọn ní ohun tí yóò máa mì ín, ó lè bẹ́ sínú."

"Ó ti bẹ́ ni?" Èmi ni mo béèrè.

"A ò tíì mọ̀, Màmá."

Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ mi, wọ́n fi ẹ̀rọ wo inú mi. Ìgbà tí mo fi ń dúró de èsì, ikú ọkọ mi ni mò ń wò. Mo ń tẹ ikùn mi, mò ń wò ó bóyá ó ti ń le bíi pátákó.

Dókítà padà wá, ó jókòó sí eteetí bẹ́ẹ̀dì mi. N ó sọ ohun tó sọ fún mi bí ó ṣe sọ ọ́, nítorí pé kò sí ẹni tó ṣàlàyé fún ọkọ mi bẹ́ẹ̀ rí. Ó ní apẹ́ńdíìsì jẹ́ ìfun kékeré kan tó so mọ́ ìfun ńlá, bí ìka ọwọ́. Tèmi ti wú, kòkòrò ti wọ inú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò tíì bẹ́, kò sí ibi kankan tó ń kó ọyún jọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò sì sí òkúta kékeré tó dí i lẹ́nu. Ó ní ọ̀nà méjì ló wà. Èkíní, kí wọ́n là mí kí wọ́n gé e, ó sì parí. Èkejì, kí wọ́n máa fa oògùn apakòkòrò sí mi lára láti inú omi, kí wọ́n máa ṣọ́ mi, bí ara bá gbà á, n ó parí èyí tó kù ní ilé. Ó ní oògùn ń tó fún ọ̀pọ̀ ènìyàn tí tiwọn bá rí bíi tèmi. Ṣùgbọ́n nítorí pé nǹkan náà ṣì wà nínú ènìyàn, ó lè padà wú, lọ́dún yìí tàbí lọ́dún mìíràn, àwọn kan sì máa ń padà wá gé e nígbẹ̀yìn.

"Ẹ là mí," mo sọ fún un.

N kò ronú lé e. Èmi nìkan ni mò ń gbé. N kò fẹ́ ohun tí yóò máa sùn nínú mi tí n ó máa retí ọjọ́ tí yóò jí. Ọ̀bẹ kò bà mí lẹ́rù. Ìdúró ló pa ọkọ mi.

"Ta ni yóò fọwọ́ sí i?" Eyínfúnjowó béèrè láti ẹ̀yìn.

"Èmi fúnra mi."

"Wọ́n lè fọwọ́ sí i fúnra wọn," ni dókítà wí, "ṣùgbọ́n wọ́n ti dàgbà, ẹ̀jẹ̀ wọn sì ga. A nílò ara ilé tó máa dúró, tó máa mọ ohun tó ń lọ."

Eyínfúnjowó ká ọwọ́ rẹ̀ sí àyà. "Pẹ́ẹ̀nì tó pa ẹ̀gbọ́n mi, èmi kò ní dúró tì í. Ẹ jẹ́ kí n pe ọmọ rẹ̀."

Ẹnu ọ̀nà ló ti pè é. Ilẹ̀kùn kò sé dáadáa. Ó ṣí fóònù náà kí ohùn rẹ̀ lè jáde síta, nítorí náà mo gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti orí bẹ́ẹ̀dì, pẹ̀lú okùn omi tí wọ́n ti so mọ́ ọwọ́ mi.

"Àǹtí, kí lẹ ti rí i sí?" Ohùn Wàsíù nìyẹn.

"Kí wọ́n fún un lóògùn. Wọ́n fẹ́ gbé ọ̀bẹ sí ìyá rẹ bí wọ́n ṣe gbé e sí bàbá rẹ. Ṣé o fẹ́ di ọmọ òrukàn pátápátá ni?"

"Dókítà dà? Dókítà, ẹ kú iṣẹ́. Ṣé oògùn lè ṣe é?"

"Ó lè ṣe é, sà. Ó tún lè padà. Ṣùgbọ́n Màmá ní kí a gé e."

Mo gbọ́ ariwo ọkọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀.

"Màmá ti dàgbà, dókítà. Ẹ fún wọn lóògùn."

Kò ní kí wọ́n gbé fóònù náà fún mi. Mo na ọwọ́ tí kò ní okùn síwájú, mo ń retí rẹ̀. Mo fi ọwọ́ náà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí mo fi gbọ́ tí Eyínfúnjowó ń kí i pé ó dàbọ̀, kí ó kí ìyàwó rẹ̀.

Nígbà tí dókítà wọlé, mo bi í léèrè pé nítorí tèmi ni wọ́n ṣe ń fún mi lóògùn, tàbí nítorí tiwọn.

Ó ń ṣàtúnṣe okùn omi. "Nítorí tiyín ni, Màmá. Ẹ̀jẹ̀ yín ga ju bí mo ṣe fẹ́ lọ, ẹni tó sì máa mú yín sùn fún iṣẹ́ abẹ kò sí níbí lónìí. Oògùn ni èmi náà ì bá fi bẹ̀rẹ̀. Bí kò bá gbà á, a máa gé e, ẹnikẹ́ni kò ní dá mi dúró." Ó fi okùn náà sílẹ̀. "Ṣùgbọ́n mi ò ní purọ́ fún yín. Ó rọ̀ mí lọ́rùn pé wọn ò bá mi jà."

Mo fẹ́ràn ọmọbìnrin yẹn fún ọ̀rọ̀ yìí. Òun nìkan ló sọ òótọ́ fún mi nínú gbogbo wọn.

Báyìí ni mo ṣe dùbúlẹ̀. Wọn kò jẹ́ kí n jẹ, wọn kò jẹ́ kí n mu. Wọ́n ń fa oògùn sí mi lára, wọ́n ń tẹ ikùn mi láàárọ̀, wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ nírọ̀lẹ́. Gbogbo ìgbà tí dókítà bá na ọwọ́ síbẹ̀ ni mo ń di irin bẹ́ẹ̀dì mú, kì í ṣe nítorí ìrora nìkan. Mò ń wo ojú rẹ̀ bóyá yóò yí. Ẹni tí wọ́n là, ó sùn, ó jí, ó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Èmi kò mọ̀. Mo kàn ń dúró de ara mi bí ẹni tó ń dúró de ìdájọ́ lẹ́nu adájọ́ tí kò mọ̀. Owó oògùn kì í ṣe kékeré, Wàsíù ló san án, wọ́n sì rí i dájú pé mo mọ̀ pé òun ló san án.

Eyínfúnjowó ń wá lójoojúmọ́, n kò ní fi ìyẹn dù ú. Ó ń fọ aṣọ mi, ó ń bá gbogbo wọ́ọ̀dù ṣeré. Ní ọjọ́ kan ó gbé fúláàsìkì wá, ó ní omi gbígbóná ni fún ẹsẹ̀ mi. Nọ́ọ̀sì ṣí i, àgbo ni.

"Màmá, ẹ gbé èyí padà sílé o," ni nọ́ọ̀sì wí.

"Kí ló ṣe é? Ní Kútọnu lọ́hùn-ún, àwọn dókítà gan-an ló ń mu ún."

"Ẹ kúkú gbé e lọ fún wọn ní Kútọnu."

Wọ́ọ̀dù rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ikùn mi sì dùn mí, ṣùgbọ́n kò dùn mí bíi ti ọjọ́ tí mo dé. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ mọ̀ pé oògùn náà ń ṣiṣẹ́. Ibà ti sọ̀kalẹ̀. Mo lè na ẹsẹ̀ ọ̀tún. Lọ́jọ́ kejì ebi pa mí, wọ́n fún mi ní ògì tó ṣàn, ó sì dúró nínú mi.

Jẹ́ kí n sọ ohun tí n kò sọ fún ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Inú mi kò dùn bó ṣe yẹ. Mo fẹ́ kí ara mi yá, n kò sì fẹ́ kí ó jẹ́ àwọn ló jàre. Mo dojú kọ ògiri, mo sunkún, àwọn nọ́ọ̀sì rò pé ayọ̀ ni.

Nígbà tí wọ́n dá mi sílẹ̀, dókítà fún mi ní oògùn tí n ó máa lò nílé, ó ní kí n lò ó tán, bí ó ti wù kí ara mi yá tó. Ó ní bí ìrora náà bá tún yọjú, bí ó ti wù kó kéré mọ, kí n má jẹ, kí n má mu, kí n máa bọ̀. Gbọ́ èyí, ìwọ tí wọ́n yóò fún lóògùn bíi tèmi. Apá tó le jù nínú ìtọ́jú náà wà nílé, níbi tí kò ti sí nọ́ọ̀sì.

"O ṣì ń gbé e mì?" Eyínfúnjowó béèrè, nígbà tó rí mi pẹ̀lú ife omi. "Ara rẹ ti yá. Oògùn tó pọ̀ jù ń jẹ ẹ̀dọ̀ ènìyàn. Fún mi ní díẹ̀, orúnkún mi ń ro mí."

"Ọkọ mi, kì í ṣe oògùn orúnkún."

"Oògùn ni, àbí kì í ṣe oògùn?"

Mo fi ọ̀rọ̀ náà ṣe eré, mo tọ́jú oògùn náà sábẹ́ ìrọ̀rí. Mo lọ wẹ̀. Nígbà tí mo padà, páálí kan ti lọ. N kò béèrè. Báwo ni ìyàwó ṣe máa pe ọkọ lólè? Mo rán ẹni sí kẹ́míìsì ní Ìlaró kí ó ra òmíràn, mo sì ń gbé oògùn mi sínú àpò yẹ̀rì mi káàkiri ilé títí mo fi lò ó tán. Má pín in pẹ̀lú ẹnikẹ́ni. Má dá a dúró nítorí pé ara tù ọ́. Kòkòrò tó bá ṣẹ́kù nínú rẹ kò mọ̀ pé ara rẹ ti yá.

Ara mi yá. Mo ń jẹun, mo ń rìn lọ sí ọjà, mo ń ka ìwé mi nídìí fèrèsé. Mo sì gbọ́, láti ẹnu ẹni tó ń ta ata fún mi, pé àgbo Eyínfúnjowó ló wò mí sàn, pé dókítà fẹ́ là mí sí méjì, òun ló gbà mí lọ́wọ́ wọn. Ó ti sọ ọ́ dé Ọjà Ọ̀dàn. Ó sọ ọ́ fún Wàsíù pẹ̀lú. Wàsíù fi aṣọ ránṣẹ́ sí i láti Àbújá láti fi dúpẹ́. Aṣọ tó dára ni. Ó wọ̀ ọ́ wá hàn mí, ó yí po lẹ́ẹ̀mejì nínú pálọ̀ mi.

"Ọmọ rẹ mọ oore," ni ó wí.

Mo kúnlẹ̀, mo ní yóò gbó o.

Báyìí ni mo ṣe wà báyìí: mo wà láàyè. Apẹ́ńdíìsì mi wà níbẹ̀. Nígbà ọyẹ́ tó kọjá, ó fà mí díẹ̀, mo lọ sí Ìlaró. Wọ́n wò ó, wọ́n ní kò wú, kí n máa lọ sílé. Ọmọbìnrin dókítà yẹn kò sí níbẹ̀ mọ́, wọ́n ti gbé e lọ sí ibòmíràn. Mo tún bẹ̀rẹ̀ àlàyé láti ìbẹ̀rẹ̀ fún ẹni tí kò mọ̀ mí. Mo sọ fún un pé bí ó bá tún wú, kí wọ́n gé e. Ó ní ó dára, Màmá, ẹni yín dà? Ìgbà mìíràn mo máa ń jí láàárọ̀, mo kọ́kọ́ tẹ apá ọ̀tún kí n tó kí Ọlọ́run. Ìgbà mìíràn ìrora máa ń wà níbẹ̀, ó sì lè jẹ́ pé ìka mi ló fà á.

Mi ò sọ pé kí o má gba oògùn. Oògùn ló mú mi dúró, kì í ṣe àgbo, kì í ṣe ọ̀bẹ. Bí wọ́n bá wò ó dáadáa pẹ̀lú ẹ̀rọ, tí kò tíì bẹ́, tí dókítà sì ń ṣọ́ ọ, ọ̀nà gidi ni. Ṣùgbọ́n kí ó jẹ́ ìwọ ni o yàn án. Ìwọ ni yóò máa gbé pẹ̀lú rẹ̀ lẹ́yìn tí àwọn tó bá ọ yàn án bá ti padà sílé wọn.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá ó tún fà mí. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ẹ̀wà tí mo jẹ. Mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà, mo fi ọwọ́ ti ẹ̀gbẹ́, mo sì rí i tí ó ń bọ̀ láti ọ̀nà ilé rẹ̀, ó wọ aṣọ tí ọmọ mi rà fún un, ó gbé abọ́ dání, èéfín ń jáde lára rẹ̀.

"Ìyàwó wa, mo rí ọ láti ọ̀hún. Gbà."

Mi ò kúnlẹ̀. Mi ò na ọwọ́.

"Sìkírátù," mo wí, orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́, tí n kò pè rí láti ọjọ́ tí mo ti wọlé. "Gbé abọ́ rẹ kúrò níwájú mi. Òun ló pa ẹ̀gbọ́n rẹ."

Àwọn ìyàwó ilé tó ń ṣa ẹ̀pà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga dáwọ́ dúró. Sìkírátù wò mí títí. Mo rò pé yóò bú mi. Kò bú mi. Ó rọra gbé abọ́ náà sílẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà mi, bí ẹni tó ń gbé oúnjẹ fún aláìsàn, ó yọ fóònù nínú àpò, ó sì ń lọ.

Kò pẹ́ tí fóònù tèmi fi dún.

"Màmá," ni Wàsíù wí, "kí lẹ ṣe fún Àǹtí?"

Mo dúró. Mo fún un ní àyè láti béèrè èkejì. Kò béèrè bí inú ṣe ń ṣe mí. Mo ní kò sí nǹkan, ọmọ mi, mo sì pa fóònù.

Ìrora náà lọ fúnra rẹ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn. Abọ́ ṣì wà níbi tó gbé e sí, n kò dà á nù, òun náà kò wá gbé e, èèrà ti bò ó. Mo ti di aṣọ méjì àti káàdì ilé ìwòsàn mi sínú àpò kan, ó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Bí ó bá tún dé, n kò ní pe ẹnikẹ́ni. Èmi nìkan ni n ó gun ọ̀kadà lọ sí Ìlaró, n ó ní kí wọ́n là mí, n ó sì fọwọ́ sí i fúnra mi, bí wọ́n bá gbà fún mi.